Bí Koríko Ṣe Hù Lórí Iyanrìn Johannesburg

Nílẹ̀ Yorùbá, bí àgbàlagbà bá jí ní òwúrọ̀, tí ó ṣí ìlẹ̀kùn, tí ó sì rí i pé koríko ti ń yọrí ní ẹnu ọ̀nà òun, ọkọ́ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Àgbàlá tí a gbá mọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, ni àmì pé ènìyàn ń gbé inú ilé. Àgbàlá tí koríko bá gbà, àwọn baba wa gbà pé ẹni tí ó ni ín ti kú ni, tàbí pé ó ti sá kúrò nílùú. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́ ilé wọn sí Ìkòyí ní Èkó àti sí àdúgbò tiwọn ní Ìbàdàn, tí wọ́n gbin koríko yí ilé ká, tí wọ́n sì tún gba ènìyàn síṣẹ́ láti máa gé ohun tí wọ́n fi owó gbìn, ọ̀pọ̀ àgbà ni ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àṣà náà ràn wá nígbẹ̀yìn. Ta ni nínú wa tí ó lọ sí ilé-ìwé tí kò di àdá mú rí lórí pápá, yálà nítorí iṣẹ́ òwúrọ̀ tàbí nítorí ìyà ẹ̀ṣẹ̀?

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe a máa gbé mi dé àwọn ilé-ìwé tí ó wà létí òkun, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ kìkì iyanrìn. Ní ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gá ilé-ìwé náà mú mi lọ sí pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun ti fi ń gbin koríko síbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, a hù, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a kú. Ó bi mí bóyá ìwé kan wà tí ó sọ bí a ṣe ń mú koríko jókòó sórí iyanrìn. Mo ní n óò wá a wò. Ohun tí mo rí nígbà tí mo ń wá a kọjá ọ̀rọ̀ pápá bọ́ọ̀lù. Mo bá ìtàn ìlú kan pàdé tí iyanrìn rẹ̀ le láti gbìn ju ti etí òkun èyíkéyìí lọ, tí ó sì jẹ́ pé ọmọ ènìyàn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iyanrìn náà. Johannesburg ni ìlú ọ̀hún, ní Gúúsù Áfíríkà. Ìtàn koríko níbẹ̀ kì í ṣe ìtàn ẹwà rárá. Ìtàn eruku ni, àti ti àwọn tí a fi sí ibi tí eruku náà ń fẹ́ sí.

Kí òǹkàwé má baà rò pé aṣálẹ̀ ni Johannesburg, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ náà ti rí kí ìlú tó dé orí rẹ̀. Ilẹ̀ gíga ni, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5,700 lọ sí ojú òkun, kò sì sí odò ńlá kan tí ó gba ibẹ̀ kọjá. Òjò a máa rọ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta. Lẹ́yìn èyí ni òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀ yóò dé, ìrì dídì yóò bo ilẹ̀ ní òwúrọ̀, gbogbo koríko yóò sì pọ́n bí ẹni pé iná jó o. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni koríko ni ilẹ̀ ibẹ̀ látilẹ̀wá: pápá tí ó lọ salalu, tí àwọn Boer fi ń da màlúù. Orúkọ oko wọn ṣì wà lára àwọn àdúgbò ìlú náà títí di òní: Langlaagte, Turffontein, Doornfontein. A ń pe òkè gbọọrọ tí ó gba àárín rẹ̀ kọjá ní Witwatersrand, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ òkè omi funfun.

Ní ọdún 1886 ni a rí wúrà ní Langlaagte, ọdún yẹn kan náà ni a sì tẹ Johannesburg dó. Ṣùgbọ́n wúrà ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn lè fi igbá ṣà nínú odò. Inú òkúta líle ni ó wà, ó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í sábàá rí i, ó sì ṣọ̀wọ́n: nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan, gíráàmù díẹ̀ péré ni wúrà tí ènìyàn yóò rí. Láti rí i, a ní láti gbé òkúta náà jáde láti inú ilẹ̀, kí a fi ẹ̀rọ gún un bí ẹni gún èlùbọ́, kí a sì fi mẹ́kúrì fa wúrà jáde nínú rẹ̀. Nígbà tí kòtò jìn sí i, ní nǹkan bí ọdún 1889, wọ́n bá òkúta mìíràn pàdé nísàlẹ̀, èyí tí mẹ́kúrì kò lè bá ṣe. Òkúta náà ní pyrite nínú. Pyrite yìí a máa dán bí wúrà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe wúrà. Irin àti imí-ọjọ́ ni ó para pọ̀ di í. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìlú náà ti parí nìyẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn.

Glasgow ni ìgbàlà ti wá. John Stewart MacArthur àti àwọn dókítà méjì, Robert àti William Forrest, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ti rí i ní 1887 pé omi tí a po cyanide mọ́ lè yọ wúrà kúrò nínú òkúta tí a ti lọ̀ kúnná. Cyanide májèlé ni, ṣùgbọ́n ó ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1890 ni wọ́n gbé ọgbọ́n yìí dé Johannesburg. Láti ìgbà náà ni kò ti sí òkúta tí ó burú jù láti lọ̀ mọ́. Ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wúrà tán, kí ni wọ́n fi ṣe? Wọ́n kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò. Èyí tí ó jẹ́ iyanrìn, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kéékèèké orí irin gbé e gun òkè, wọ́n ń dà á sílẹ̀ títí ó fi di òkìtì tí ó ga ju ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà lọ. Èyí tí ó kúnná bí ìyẹ̀fun, wọ́n po ó mọ́ omi bí ẹrọ̀fọ̀, wọ́n sì dà á sínú adágún tí wọ́n mọ ògiri yí ká, títí tí ó fi gbẹ tí òun náà sì di òkè. Ní gbogbo ẹkùn Witwatersrand, iye irú àwọn adágún ẹrọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ ju 200 lọ nígbẹ̀yìn. Àwọ̀ wọn pupa rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n. Àlejò tí ó bá ń bọ̀ láti òkèèrè a rò pé òkè tí Ọlọ́run dá ni.

Àwa náà mọ eruku. Bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo ilé a funfun, ètè a là, a ó sì máa nu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ṣùgbọ́n láti aṣálẹ̀ Sahara ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku tirẹ̀ wá, kò sí ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Eruku Johannesburg ní olówó. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti pẹ́ tí òjò kò sì tíì dé, ìjì a máa jà níbẹ̀. Nígbà tí ìjì bá kọlu òkìtì wọ̀nyí, a gbé iyanrìn kúnnákúnná sókè bí èéfín, a sì bo oòrùn lójú. A wọ inú oúnjẹ, a wọ inú kànga, a wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn 1952, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ uranium pẹ̀lú wúrà ní ẹkùn náà, ó hàn gbangba sí gbogbo ayé pé ohun tí ó wà nínú òkìtì wọ̀nyẹn ju iyanrìn lásán lọ.

Ta ni ó ń gbé lẹ́bàá wọn? Àwọn olówó wúrà kò gbé ibẹ̀. Láti nǹkan bí 1892 ni wọ́n ti ń kó lọ sí àríwá, sí ẹ̀yìn òkè, sí Parktown, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ariwo ẹ̀rọ àti eruku iyanrìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbin igi lọ́pọ̀lọpọ̀, tí wọ́n sì tẹ́ koríko síwájú ilé bí ẹni tẹ́ ẹní. Koríko tí ó gbajúmọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n gbìn lẹ́yìn náà wá láti Kenya, láti òkè àwọn Kikuyu, orúkọ ẹ̀yà náà ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Ó fẹ́ràn omi púpọ̀. A ti dá ilé iṣẹ́ omi, Rand Water Board, sílẹ̀ ní 1903, odò Vaal tí ó wà ní gúúsù ni wọ́n sì ti fa omi náà wá. Wọ́n sé odò náà, wọ́n sì parí ìsédò ńlá ibẹ̀ ní 1938. N kò bú ẹnikẹ́ni tí ó gbin koríko síwájú ilé. Mo kàn ń fi hàn pé ní àríwá, ẹni tí ó bá fẹ́ koríko lè rí i, nítorí pé ilẹ̀ rere ni ó gbìn ín sí, omi sì wà.

Ní gúúsù, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó tí kò lówó wà ní ibẹ̀ pẹ̀lú, ní Booysens àti Turffontein, àwọn náà sì jẹ nínú eruku. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn dúdú kò ní ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí wọn yóò gbé. Ní 1904, nígbà tí àrùn ìyọnu bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú, ìjọba sun àdúgbò àwọn tálákà ní iná, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ lọ sí Klipspruit, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń da ẹ̀gbin ìlú sí. Òfin ọdún 1923 fún àwọn ìlú ní agbára láti ya ibùgbé ènìyàn dúdú sọ́tọ̀. Láti 1931 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Orlando. Òfin ọdún 1950 pín gbogbo ilẹ̀ ìlú gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ara. Ní oṣù kejì 1955 ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó àwọn ará Sophiatown lọ sí Meadowlands. Bí ènìyàn bá wo àwòrán ilẹ̀ ìlú náà, yóò rí i pé ọ̀wọ́ òkìtì wúrà ni wọ́n fi ṣe odi láàárín ìlú àwọn funfun àti àwọn ibùgbé wọ̀nyí tí a wá sọ ní Soweto ní 1963. Diepkloof wà ní ìtòsí òkìtì. Riverlea, tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí òfin náà pè ní Coloured, wà ní ẹsẹ̀ òkìtì gan-an. Àwọn tí ó wà nínú kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ òkúta náà jáde ni ẹbí wọn tún ń mí i símú nílé.

Nísinsìnyí, a dé ọ̀rọ̀ koríko.

Ó pẹ́ tí àwọn oníwakùsà ti mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n bo òkìtì náà. Wọ́n dán òkúta fífọ́ wò, wọ́n dán erùpẹ̀ wò, ṣùgbọ́n èyí gbówó lórí, ara òkìtì sì dagun tó bẹ́ẹ̀ tí òjò kan ṣoṣo lè wọ́ erùpẹ̀ náà wálẹ̀. Wọ́n wá gbin koríko, koríko náà sì kú. Ẹni tí ó bá ti dá oko rí yóò sọ pé ilẹ̀ náà ṣá ni, kí wọ́n fi ajílẹ̀ sí i. Wọ́n fi ajílẹ̀ sí i, ó tún kú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù, nítorí pé àṣìṣe tí wọ́n ṣe ni àwa olùkọ́ máa ń ṣe sí ọmọ tí kò mọ̀wé: a ń fi oúnjẹ kún oúnjẹ fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ di.

Ohun tí ó ń pa koríko náà ni pyrite tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó wà nínú òkúta, nísàlẹ̀ ilẹ̀, kò ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti lọ̀ ọ́ kúnná, tí afẹ́fẹ́ àti omi sì dé ara rẹ̀, irin inú rẹ̀ a máa dípàáàrà, ìpáàrà yìí ni ó fún òkìtì ní àwọ̀ rẹ̀. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ a sì di ásíìdì, irú èyí tí a ń rọ sínú bátìrì ọkọ̀. Ní òkè òkìtì, kíkan iyanrìn náà lè súnmọ́ ti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Gbòǹgbò tí ó bá kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a jóná. Yàtọ̀ sí èyí, iyanrìn náà kò ní ìdọ̀tí kankan nínú, kò sí ewé tí ó rà, kò sí ekòló, kò sí naitrójìn. Ilẹ̀ tí kò gbé ohun ẹlẹ́mìí rí ni. Bí irúgbìn kan bá tilẹ̀ ta, ìjì yóò máa fi iyanrìn na ewé rẹ̀ bí pákò tí a fi gbo eyín, títí yóò fi gé e lulẹ̀.

Láàárín ọdún 1950 sí 1965 ni ẹgbẹ́ àwọn oníwakùsà, tí a ń pè ní Chamber of Mines nígbà náà, fi ojú ìmọ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, tí wọ́n sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju gbígbin òkìtì lọ. Ní 1965, A. L. James àti M. Mrost tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìwakùsà ilẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n sọ kò ṣòro láti lóye: ẹ má ì tíì gbin ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ fọ ilẹ̀ náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n bí a bá yí omi dà sórí òkìtì, yóò gbẹ́ gọ́tà sí ara rẹ̀. Nítorí náà wọ́n ta páìpù sórí rẹ̀, wọ́n sì mú kí omi máa fọ́n jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìrì, ní ìdákúrekú, kí ó lè máa wọ inú iyanrìn díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa ti ásíìdì náà lọ sísàlẹ̀, kúrò níbi tí gbòǹgbò yóò dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹfun òkúta tí a lọ̀ kúnná pa kíkan tí ó kù. Wọ́n gé esùsú, wọ́n sì fi ṣe ọgbà kúkúrú kúkúrú ní ìlà-ìlà lórí òkìtì, kí ìjì má baà rí ọ̀nà ta iyanrìn. Ìgbà náà ni ajílẹ̀ tó kàn, lẹ́yìn ajílẹ̀ ni irúgbìn.

Irúgbìn náà kì í ṣe oríṣìí kan. Wọ́n da koríko ìbílẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti òkèèrè wá, pẹ̀lú ewéko bí lucerne, tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, tí ó sì ń fún ilẹ̀ ní naitrójìn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe dáadáa jù ni Eragrostis curvula, tí ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì tẹ̀ wálẹ̀ bí irun orí tí a kò dì. Òmíràn ni Cynodon dactylon, èyí tí àwa ní Nàìjíríà ń pè ní koríko Bahama, tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ̀ dunjú. Òun ni ó ń rákò, tí ó ń ta gbòǹgbò ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, tí àdá kì í sì í pa.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìlànà yìí ni mo fi ṣe àlàyé fún un. Iyanrìn etí òkun kò kan bí ti Johannesburg, kò nílò ẹfun tó bẹ́ẹ̀. Àìlè di omi mú àti afẹ́fẹ́ tí ń gbé iyọ̀ ni ìṣòro tirẹ̀. Mo ní kí ó kó ìdọ̀tí ewé àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti rà sínú ilẹ̀ náà, kí ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà kúkúrú kọjú sí afẹ́fẹ́, kí ó sì gbin ìtàkùn koríko, kì í ṣe irúgbìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, bí ẹni gbin ọ̀dùnkún. Ó ní òun yóò gbìyànjú. Kò dùn mọ́ ọn pé n kò mú owó wá.

Iṣẹ́ orí òkìtì náà yọrí sí rere, a kò gbọdọ̀ fi èyí du àwọn tí ó ṣe é. Òkìtì tí ó ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wọn tí nǹkankan kò hù lórí rẹ̀ rí di òkè tútù lójú wọn. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ni ó ru esùsú gun òkè náà, tí ó sì fọ́n irúgbìn. Ní 1965 kan náà ni ìjọba ṣe òfin nípa bíba afẹ́fẹ́ jẹ́, apá kan nínú rẹ̀ sì dá lórí eruku; láti ìgbà náà, gbígbin òkìtì kò jẹ́ àánú mọ́, ó di ọ̀ranyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọdún tí ó ti kọjá láti 1886. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún kí wọ́n tó mọ bí a ti ń dá eruku náà dúró. Ìmọ̀ tí ó yọ wúrà inú òkúta líle gba ọdún mẹ́ta láti Glasgow dé Johannesburg. Ìmọ̀ tí yóò bo iyanrìn tí ó ṣẹ́kù gba ìran méjì. Èmi kò gbà pé èyí kejì ni ó ṣòro jù.

Koríko orí òkìtì kì í sì í ṣe ohun tí a ń gbìn lẹ́ẹ̀kan tí a ń fi sílẹ̀. Pyrite ṣì wà nísàlẹ̀. Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀rinrin a máa gun òkè padà, a sì gbé ásíìdì bọ̀ wá sí ẹsẹ̀ gbòǹgbò. Níbi tí a bá ti ń tọ́jú rẹ̀, ó dúró. Níbi tí àwọn tí ó ni ín ti lọ, ó ń já ní abala abala bí irun ẹni tí làpálàpá mú.

Kí n tó tẹ̀síwájú, mo fẹ́ yà díẹ̀ nítorí àwọn tí ó fẹ́ràn eré ìdárayá. Koríko mìíràn wà tí ó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ẹkùn Johannesburg gan-an, orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ni Cynodon transvaalensis. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì ń bo ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Yunifásítì Witwatersrand ní oko ìwádìí kan ní Frankenwald, ní àríwá ìlú náà, níbi tí wọ́n ti yẹ irú koríko bẹ́ẹ̀ wò fún pápá eré. Ní 1954, irúgbìn rẹ̀ kan tí ó ti Johannesburg wá dé ọ̀dọ̀ Glenn Burton ní Tifton, ìlú kékeré kan ní Georgia ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn tí ó hù, ọ̀kan jẹ́ àdàpọ̀: Cynodon transvaalensis àti koríko Bahama tiwa ni òbí rẹ̀. Kò lè so irúgbìn. Ìtàkùn rẹ̀ nìkan ni a lè gé gbìn. Burton sọ ọ́ ní Tifway, wọ́n sì gbé e jáde ní 1960. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn dé pápá bọ́ọ̀lù àti pápá gọ́ọ̀fù lọ́pọ̀lọpọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí ó móoru káàkiri ayé. Ó jọ mí lójú pé ní ọdún kan náà tí a ń múra láti kó àwọn ará Sophiatown kúrò, irúgbìn koríko láti ìlú wọn ń rìn lọ sí òkèèrè láìsí ẹni tí ó bi í léèrè ìwé ìrìnnà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí òkìtì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye owó wúrà lágbàáyé dúró sí dọ́là 35 fún owúnsì kan. Nígbà tí Amẹ́ríkà já okùn yìí ní 1971, owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sì kọjá dọ́là 800 ní oṣù kìíní 1980. Àwọn oníwakùsà wá rántí pé àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ òkúta náà kò yọ gbogbo wúrà inú rẹ̀ tán. Ilé iṣẹ́ tí a ń pè ní ERGO bẹ̀rẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn ní nǹkan bí 1977, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Wọn a máa fi omi tí ó ní agbára bí ìbọn kọlu ara òkìtì, yóò wó, yóò di ẹrọ̀fọ̀, páìpù yóò sì gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti tún un lọ̀, tí wọn yóò tún yọ ìwọ̀nba wúrà tí ó kù, tí wọn yóò sì da ìyókù sórí òkìtì titun tí ó tóbi jù, ní ibi tí ó jìnnà sí àárín ìlú. Koríko tí a fi ìrì àtọwọ́dá tọ́, tí a fi ẹfun àti esùsú dáàbò bò, bá ẹrọ̀fọ̀ náà lọ. Òkìtì kan wà lẹ́bàá àárín ìlú tí wọ́n ń pè ní Top Star, tí wọ́n ti fi orí rẹ̀ ṣe ibi ìwòran sinimá láti inú ọkọ̀. Òun náà ti kúrò ní apá ìparí ẹ̀wádún àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìlú kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí ìrántí.

Èyí ni ó mú kí n rò pé àwọn tí ó ni òkìtì kò ka koríko náà sí pápá rí. Aṣọ ìbora ni wọ́n kà á sí, èyí tí a fi bo ẹrù tí a ṣì fẹ́ tú wò lọ́la. Ẹni tí ó ń gbé ní ẹsẹ̀ òkìtì ni ó kà á sí ohun mìíràn.

Láti 1994 ni ìjọba gbogbo ènìyàn ti wà níbẹ̀, kò sì sí òfin tí ó yan ibùgbé fún ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ mọ́. Pápá ìṣeré tí a ń pè ní Soccer City, níbi tí wọ́n ti gbá àṣekágbá Ife Àgbáyé ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2010, wà láàárín ilẹ̀ ìwakùsà yìí gan-an, ní ẹnu ọ̀nà Soweto. Koríko rẹ̀ tútù minijọ̀ lójú gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì kò jìnnà sí i. Ní oṣù kọkànlá 2013 ni òfin titun nípa ìwọ̀n eruku jáde, tí ó ní kí a máa wọn iye tí ó ń bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí a ti kọ́ kò ṣeé gbé lọ bí àga. Òkìtì tí wọ́n bá ń tú lọ́wọ́ a máa ta eruku ju èyí tí ó dákẹ́ lọ, nítorí pé a ti ṣí aṣọ lórí rẹ̀. Níbi tí òkìtì bá sì ti kúrò tán, ilẹ̀ pupa gbígbẹ ni ó ń kù, ásíìdì ọgọ́rùn-ún ọdún sì ti rin inú rẹ̀. A ní láti tún fọ òun náà, kí a tún fi ẹfun sí i, kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Riverlea, títí di àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, àwọn ìyá ilé a máa rẹ aṣọ sínú omi, wọn a sì fi dí ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn kí wọ́n tó sùn.